Àtúnkọ́ Láìsí Àtúnṣe: Iṣẹ́ Ọjọ́ Márùn-ún ní CERN

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àròsọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ewì tàbí eré orí ìtàgé. Iṣẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà ni. Ní oṣù kejì ọdún 2019, àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọn kò tó méjìlá péjọ sí CERN, ilé ìwádìí ńlá tí ó wà lẹ́bàá ìlú Geneva, ní ibi tí ilẹ̀ Switzerland àti ilẹ̀ Faransé ti pàdé. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ akọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn jẹ́ ayàwòrán ojú-ewé. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ní. Láàárín ọjọ́ márùn-ún náà, wọ́n tún bùráúsà àkọ́kọ́ ní àgbáyé kọ́, WorldWideWeb ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ojú òpó kan tì í tí ó sọ ìtàn rẹ̀ àti bí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé méjèèjì sí worldwideweb.cern.ch, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè lò wọ́n láìsan kọ́bọ̀.

Bùráúsà, fún àǹfààní ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé, ni ètò inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ó máa ń lọ gbé ojú-ewé ayélujára wá síwájú wa kí a lè kà á. Gbogbo wa ni a ń lò ó lójoojúmọ́, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Èrò mi ni pé ó tọ́ kí a yẹ iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí wò gẹ́gẹ́ bí a ti í yẹ ìwé àtijọ́ tí ọ̀mọ̀wé kan tún tẹ̀ jáde wò: kí a bèèrè ohun tí ó bá nílẹ̀, ohun tí ó fi sílẹ̀ bí ó ti wà, ohun tí ó fi ọwọ́ kàn, àti bóyá ó sọ fún wa ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé.

Ìtàn ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ kò gùn. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣiṣẹ́ ní CERN, kọ àbá kan lórí bí a ṣe lè so àwọn ìwé inú kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹni tí ń ka ọ̀kan lè ti ibẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Ọ̀gá rẹ̀, Mike Sendall, kọ ọ́ sí orí àbá náà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì yanjú ṣùgbọ́n ó mú orí ẹni yá. Ní apá ìparí ọdún 1990, Berners-Lee kọ WorldWideWeb lórí kọ̀ǹpútà NeXT, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ tí Steve Jobs dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó kúrò ní Apple ń ṣe. Robert Cailliau, ará Belgium, bá a gbé àbá náà kiri. Kọ̀ǹpútà NeXT wọ́n, kò sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Nítorí náà ni Nicola Pellow, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ṣe kọ bùráúsà mìíràn tí kò ní ju ọ̀rọ̀ lásán lọ, tí ó lè ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 1993, CERN fi ohun gbogbo sílẹ̀ fún aráyé láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ WorldWideWeb pàápàá kò bá ètò náà dé ọjọ́ alẹ́. Wọ́n yí i padà sí Nexus, kí àwọn ènìyàn má baà máa pe ètò kan ṣoṣo ní ayélujára fúnra rẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni ti ojú òpó àkọ́kọ́, info.cern.ch. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tún un ṣe bí iṣẹ́ náà ti ń dàgbà. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tuntun kún un, wọ́n ń yọ èyí tí ó ti pẹ́ kúrò, kò sì sí ẹni tí ó ro ó pé ó yẹ kí òun da ojú-ewé àná kọ kí òun tó kọ ti òní. Ta ni ì bá tilẹ̀ rò bẹ́ẹ̀? Nígbà tí CERN pinnu ní ọdún 2013 láti dá ojú òpó náà padà sí àdírẹ́sì rẹ̀ àtijọ́, ẹ̀dà ọdún 1992 ni wọ́n rí gbé síbẹ̀. Bí iwájú ilé náà ti rí ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí àwòrán kankan tí ó fi hàn wá. Kì í ṣe ogun ni ó pa á rẹ́, kì í sì í ṣe iná. Àtúnṣe ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ìrìn-àjò ìwé ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1843 ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe jáde ní London. Ní ọdún 1852 ó tẹ òmíràn jáde tí ó kún ju ti ìṣáájú lọ. Ti ọdún 1852 sàn ju ti ọdún 1843 lọ, ṣùgbọ́n kò pa á. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òye Crowther ti ń jinlẹ̀ sí i lórí bí ó ṣe yẹ kí a kọ èdè wa sílẹ̀, yóò gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò sì rí àyípadà náà kedere. Ìwé tuntun a máa bá ìwé àtijọ́ gbé inú ilé kan náà. Ojú òpó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni a ń kọ tuntun sí, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé ti í fi omi nu síléètì kí ó tó kọ ìṣirò mìíràn sí i. Bí olùkọ́ bá bèèrè bí ọmọ náà ṣe ṣe ìṣirò àkọ́kọ́, kò sí ohun tí yóò fi hàn án.

Inú irú òfò yìí ni a ti gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ ọdún 2019. Ohun tí mo sì fẹ́ yin àwọn ènìyàn náà fún ju ohunkóhun lọ ni ohun tí wọ́n kọ̀ láti ṣe. Mímú ojú òpó dára sí i ni iṣẹ́ òòjọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn; ọwọ́ wọn kò lè ṣàìmáa yún wọn. Lónìí, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń tẹ líǹkì. Nínú WorldWideWeb, ẹ̀ẹ̀mejì ni, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n sì fi í sílẹ̀ sí. Lónìí, àyè kan wà lókè bùráúsà tí a ń kọ àdírẹ́sì sí. Ní ọdún 1990 kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀: ènìyàn ní láti lọ sí àkójọ àṣẹ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́, kí ó yan Document, kí ó tún yan àṣẹ mìíràn lábẹ́ rẹ̀, kí ó tó rí ibi tí yóò kọ àdírẹ́sì sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Líǹkì tí a bá tẹ̀ kì í rọ́pò ojú-ewé tí a ń kà. Fèrèsé tuntun ni ó ń ṣí, títí tí fèrèsé yóò fi gun orí fèrèsé tí olùwarẹ̀ kò ní mọ èyí tí ó ti wá mọ́. Àwòrán kò sì bá ọ̀rọ̀ jókòó pọ̀ lójú-ewé kan. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí wá gbé jáde fún wa, wọn kò sì fi abẹ́rẹ́ kàn án.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń ṣe àtúntẹ̀ ìwé Yorùbá kò tíì ní irú ìkóra-ẹni-níjàánu yìí. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 ti wà kí ìpàdé ọdún 1875 ní Èkó tó jókòó lé ọ̀rọ̀ àkọtọ́. Bí ọ̀mọ̀wé kan bá mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tí ó yí i sí àkọtọ́ òde òní, tí kò sì sọ pé òun yí i, ó ti purọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo lẹ́tà tí ó kọ ni ó tọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò rò pé bí a ti ń kọ̀wé lónìí ni wọ́n ti ń kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé àwọn kan ti làágùn lé e lórí. Olùtẹ̀wé tí ó bá fẹ́ ran òǹkàwé lọ́wọ́ lè fi àlàyé sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tí àwọn ará CERN ṣe nìyẹn. Remy Sharp wà nínú àwọn tí ó kọ kóòdù bùráúsà náà, Jeremy Keith sì wà nínú àwọn tí ó ṣe ojú òpó tí ó tì í; àwọn méjèèjì kọ àkọsílẹ̀ ohun tí ojú wọn rí nínú ọ̀sẹ̀ náà. Lórí ojú òpó yìí ni àlàyé lórí kóòdù àtijọ́ wà, tí àlàyé lórí lílò bùráúsà wà, tí ìtàn ọgbọ̀n ọdún tí ó ṣáájú àbá ọdún 1989 àti ọgbọ̀n ọdún tí ó tẹ̀lé e sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àkísà wà lọ́tọ̀, ìtàn àkísà wà lọ́tọ̀.

Apá tí ó wú mi lórí jù ni ti lẹ́tà. Lẹ́tà tí ó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà NeXT kì í ṣe èyí tí a fà ní ìlà ṣọ̀ọ̀rọ̀ṣọ̀. Ẹyọ kíún-kíún ni wọ́n tò, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀, títí tí ó fi di A tàbí B. Àwọn ènìyàn yìí tún lẹ́tà náà yà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú igun rẹ̀ tí ó rí jáńjálá. Ẹni tí ó bá mọ lẹ́tà dáadáa yóò rí i pé wọn kò fi iṣẹ́ náà ṣeré.

Níbí ni ó yẹ kí àwa náà bèèrè ọ̀rọ̀ tiwa. Lẹ́tà ta ni ó wà nínú ilé náà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ? Kọ̀ǹpútà NeXT ní á, ó sì ní è, nítorí pé èdè Faransé àti àwọn èdè mìíràn ní Yúróòpù ń lò wọ́n. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Nígbà tí wọ́n kọ òfin HTML kejì sílẹ̀ ní ọdún 1995, àwọn lẹ́tà apá ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n gbé e kà. Unicode, tí ó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ti fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn láti ọdún 1993, ṣùgbọ́n ọdún 1997 ni HTML kẹrin tó gba Unicode wọlé. Àwọn olùkọ́ tí ó ti fi bírò kán àmì sí abẹ́ lẹ́tà lórí ìwé tí wọ́n fi táípì tẹ̀ yóò mọ bí ó ti rí lára.

Nọ́ńbà náà kò sì parí ẹjọ́. Ọ̀ tí ó ní àmì ohùn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, àkànpọ̀ ni. Ènìyàn lè mú ọ kí ó fi àmì ohùn lé e lórí, ó sì lè mú ò kí ó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Bí àwọn tí ó tún ojú òpó kan ṣe kò bá ti pàṣẹ fún ètò ìwákiri rẹ̀ pé kí ó ka méjèèjì sí ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ «ọ̀rọ̀» kí kọ̀ǹpútà sì dáhùn pé kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kún inú ojú-ewé fọ́fọ́.

Mo ti yin iṣẹ́ náà. Ó yẹ kí n sọ ibi tí ó kù sí. Bùráúsà tí wọ́n tún kọ́ yìí, inú bùráúsà ti òde òní ni ó ń gbé. Èdè JavaScript ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì lè gba ojú-ewé èyíkéyìí ní ayélujára òní wá fún wa. Èyí dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan kan pamọ́. Ní òpin ọdún 1990, ibì kan péré ni ó wà tí WorldWideWeb lè lọ, CERN sì ni. Ẹni tí ó lò ó nígbà náà jókòó síwájú ilẹ̀kùn tí ó ṣí sí yàrá kan ṣoṣo, ó sì ní láti gbà gbọ́ pé yàrá mìíràn ń bọ̀. Ìdánìkanwà yẹn kò sí nínú àtúnkọ́ yìí. Ó dà bí ìgbà tí a wọ aṣọ baba ńlá wa lọ sí ọjà òní: aṣọ náà jẹ́ ti òtítọ́, ọjà kì í ṣe ọjà rẹ̀. Mo rò pé ì bá dára bí wọ́n bá fi àyè kan sílẹ̀ tí ojú-ewé àtijọ́ nìkan ti lè ṣí, kí òǹkàwé lè mọ bí ayé náà ti kéré tó.

Síbẹ̀, àléébù yìí gan-an ni ó mú ohun kan hàn. Ẹ fi bùráúsà náà ṣí àwọn ojú-ewé òde òní. Àwọn tí a kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ojú-ewé gan-an yóò ṣeé kà, láìsí àwọ̀, láìsí àwòrán, ṣùgbọ́n gbogbo gbólóhùn yóò pé. Àwọn tí ó jẹ́ pé ètò JavaScript ni ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ nígbà tí ènìyàn bá dé kò ní fi ohunkóhun hàn, bí kò ṣe òfìfo. Mo fi èyí ṣe ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan bèèrè pé, ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí a kọ ní ọdún yìí kò ní tó ohun tí wọ́n kọ ní 1992 kà ni? N kò rí ìdáhùn fún un lójú ẹsẹ̀.

Kókó kan tún wà tí iṣẹ́ náà gbé jáde ju bí ìtàn lásán ti lè gbé e lọ. Bùráúsà àkọ́kọ́ kì í ṣe fún kíkà nìkan, ó wà fún kíkọ pẹ̀lú. Ènìyàn lè fi kọ́sọ̀ sí àárín ojú-ewé kí ó máa kọ̀wé, kí ó sàmì sí ọ̀rọ̀ kan, kí ó so ó mọ́ òmíràn. Nígbà tí Mosaic jáde ní ọdún 1993 láti Yunifásítì Illinois, ó gbé àwòrán wọ inú ọ̀rọ̀, ayé sì gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkà ni ó wà fún. Láti ìgbà náà ni òǹkàwé ti di ẹni tí a ń sọ fún. Nínú àlọ́ tiwa, ẹni tí ń pa àlọ́ kì í dá a pa; àwọn tí ó jókòó yí i ká ni ń gbe orin, bí wọ́n bá sì dákẹ́, àlọ́ ti kú nìyẹn. Ohun tí Berners-Lee kọ́kọ́ kọ́ sún mọ́ agbo àlọ́ ju ohun tí a ń lò lónìí lọ. Àtúnkọ́ ọdún 2019 jẹ́ kí a fi ọwọ́ wa kàn án. Ó kàn jẹ́ pé ohun tí a bá kọ sí ojú-ewé ẹlòmíràn nínú rẹ̀ kò lè yí ojú-ewé náà padà ní ibùgbé rẹ̀. Orin tí a gbè kò dé etí apàlọ́.

Àwọn kan lè bi mí pé kí ni gbogbo èyí kan ẹgbẹ́ tí ń kọ́ èdè Yorùbá. Ó kàn wá gidigidi, nítorí pé àwa náà ti ń gbé ìwé wa, àkójọ ọ̀rọ̀ wa àti ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀ sí orí ojú òpó, ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin ni a sì máa ń kó o lé lọ́wọ́ pé kí wọ́n tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nígbà tí mo wà lókè òkun, mo tọ́ka sí àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi. Ó wà lórí ojú òpó ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Kí n tó gba oyè, wọ́n ti tún ojú òpó náà ṣe. Ó lẹ́wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àdírẹ́sì tí mo kọ sínú ìwé mi kò lọ sí ibì kankan mọ́, nígbà tí mo sì rí díẹ̀ nínú àkójọ náà ní ìgun mìíràn, àmì ìbéèrè ni ó wà ní ibi tí ẹ àti ọ ti yẹ kí ó wà. Ẹni tí ó ṣe é kì í ṣe òǹdè ìwà búburú. Wọ́n ní kí ó ṣe ojú òpó tuntun, ó sì ṣe é.

Berners-Lee ti kìlọ̀ nípa irú èyí ní ọdún 1998, nínú ìwé kúkurú kan tí ó fi sọ pé kò yẹ kí àdírẹ́sì ojú-ewé máa yí padà. Kò ṣòro láti tẹ̀lé: ẹni tí ó bá gbé ojú-ewé lọ sí ibòmíràn lè fi àṣẹ sílẹ̀ ní ibi àtijọ́ tí yóò máa darí àlejò lọ sí ibi tuntun, ó sì lè da ojú òpó àtijọ́ kọ sí apá kan kí ó tó fi ọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan. A lè sọ pé Internet Archive, tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, ń bá gbogbo ayé da ojú-ewé kọ, àti pé láti ọdún 2001 ni ẹnikẹ́ni ti lè lọ wo ẹ̀dà tí wọ́n kó pamọ́. Òtítọ́ ni. Mo ti jẹ nínú oore wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò láti máa bá a tọ́jú kò lè yan ohun tí aládùúgbò náà yóò rántí gbé nígbà tí òjò bá ṣú.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí mo fẹ́ gbé ka iwájú àwọn ará CERN fúnra wọn. WorldWideWeb ti ọdún 1990 kú nítorí pé irú kọ̀ǹpútà tí ó gbé e ró ti di ohun àná. WorldWideWeb ti ọdún 2019 gbé ara lé bùráúsà òde òní, ó sì gbé ara lé kọ̀ǹpútà kan ní òdìkejì tí ń bá a gba ojú-ewé wá. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yí padà, fèrèsé eérú yẹn yóò di àwòrán lásán. A rí kóòdù ti àkọ́kọ́ kà nítorí pé wọ́n pa á mọ́, CERN sì ti sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Mo fẹ́ kí ẹ̀dà kóòdù kejì yìí, àti lẹ́tà tí wọ́n yà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àti àkọsílẹ̀ ọjọ́ márùn-ún náà, wà ní ilé ìkówèésí mìíràn yàtọ̀ sí Geneva, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i lára.